Ṣíbí Méjìlá

Méjìlá ni ṣíbí ìyá mi, Jerúṣà,
tánńganran dídán tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti Brísítọ́ọ̀lù
nínú àpótí kan náà pẹ̀lú Bíbélì.
Ọjọ́ Ìsinmi nìkan la máa ń fi wọ́n jẹun.
Kí ṣíbí tó kan ẹnu, a ó gbàdúrà fún ọba
kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn,
ọba tí kò mọ̀ bóyá àríwá ni odò wa ń ṣàn sí tàbí gúúsù.

Ọwọ́ rẹ̀ ló gùn.
Ó la òkun já láìlo àjẹ̀,
ó wọ ìkòkò tíì, ó wọ gíláàsì fèrèsé,
ó wọ bébà tí a kọ ogún bàbá mi sí.
Ìyá mi san owó bébà náà tán,
ó ní, "Òkú mi náà, ọba bá mi pín in."

Nígbà tí ìròyìn dé lóṣù Kẹrin
pé ìbọn ti dún ní ìlà oòrùn,
pé àwọn aláṣọ pupa pa àgbẹ̀ ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì,
kò sunkún.
Ó gbé ìkòkò irin ka iná,
ó ń sọ ṣíbí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń se ọbẹ̀.

Tánńganran kì í pariwo bó bá ń yọ́.
Orí ṣíbí á kàn tẹ̀, bí ọmọ tí oorun ń kùn,
lẹ́yìn náà á di omi,
ojú wa á sì hàn nínú rẹ̀, wúruwùru.

Sílà, àbúrò bàbá mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.
"Ìyá wa tó wà lẹ́yìn òkun ló fún yín ní ṣíbí yìí.
Ṣé òun lẹ fẹ́ yìnbọn fún?"
Ìyá mi kò gbójú sókè.
"Ìyá wo ló ń gba owó ọmú lọ́wọ́ ọmọ?"
Kí ọdún tó parí, Sílà ti wọ ọkọ̀ lọ sí Halifáàsì.
Àga rẹ̀ ṣì wà nílé wa. Ológbò ló ń sùn lórí rẹ̀.

Kwáko ló fi ẹ̀mú di irin oníhò mú,
èmi ni mò ń da tánńganran gbígbóná sínú rẹ̀.
Niúpọ́ọ̀tì ni bàbá mi ti rà á, kí wọ́n tó bí mi.
Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ogún yẹn,
láàárín màlúù alámì funfun àti ẹ̀rọ ìrànwú.
Elifẹ́lẹ́tì, ẹ̀gbọ́n mi, gbá tábìlì:
"Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, ohun tí wọ́n ń wí ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn!
A kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni!"
Ẹ̀mú kò mì lọ́wọ́ Kwáko.
"Rọra dà á, Kesíà," ló wí fún mi.
"Bí ọta bá lábùkù, kì í lọ síbi tí wọ́n rán an."

Ṣíbí mọ́kànlá di ọta mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ìkejìlá, ìyá mi fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ;
òun ni àbíkẹ́yìn wa fi jẹun kó tó kú.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa Elifẹ́lẹ́tì ní àgọ́, kì í ṣe ìbọn.
Ọta mẹ́tàdínlógún ṣì wà nínú àpò tí wọ́n gbé wálé.
Lóru ọjọ́ tí wọ́n lu agogo òmìnira títí okùn fi já,
Kwáko kò sùn sí abà.
Ṣíbí kejìlá náà kò sí nínú dúrọ́ọ̀.
Ìyá mi tì í padà. Kò wá a, kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Eyín mẹ́rin ló kù sí mi lẹ́nu.
A ò gbàdúrà fún ọba mọ́,
ṣíbí onígi ni mo fi ń lá ẹ̀kọ,
mo sì máa ń rò ó nígbà míì, bí yìnyín bá ń bọ́:
ẹnì kan ń fi ṣíbí ìyá mi jẹun níbìkan.
Mi ò mọ̀ bóyá Kwáko ló ṣì ń jẹ́.