Apá àti Àpá

Òjò àkọ́rọ̀ ti ṣú lápá Ọ̀yìngbò,
èmi sì dúró síwájú Píjò bàbá mi
pẹ̀lú sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá, kẹrosíìnì nínú ìgò ọtí,
àti àkísà tó jẹ́ ṣòkòtò ilé-ìwé mi nígbà kan.

Apá wáípà méjèèjì ti rọ.
Tọ̀tún ń wolẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè,
tòsì kò kan gíláàsì mọ́,
afẹ́fẹ́ ló ń nù.

Kàsúmù, ọmọ-iṣẹ́ Mọ́gàjí, ní
"Ẹ jẹ́ n fi sukudiráfà hú u. Ìṣẹ́jú kan ni."
Mo ní rárá.
Gíláàsì yìí dàgbà jù ọ́ lọ, ó dàgbà jù mí lọ pàápàá.
Bó bá sán, níbo la ó ti rí òmíràn,
nígbà tí wọ́n ń bi mí ní Ládípọ̀ pé
"Ṣé ọkọ̀ yẹn ṣì ń rìn láyé?"

Mo tẹ́ àkísà sórí gíláàsì bí ẹni tẹ́ní fún àlejò.
Mo lẹ téèpù mọ́ ibi tí apá máa ń sùn sí,
kí n má baà ṣi ibùsùn rẹ̀ mọ̀.
Mo ṣí fìlà kékeré orí rẹ̀:
náàtì ti dípẹtà.
Mo yí i. Kò gbọ́.
Mo fi kẹrosíìnì rin ín, mo fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì,
mo jẹ gúgúrú, réluwé kan kọjá.
Mo tún yí i.
Apá mi ò ká apá.

Màmá mi yọjú lójú fèrèsé òkè:
"Bàbá rẹ ò fìgbà kan fagbára bá a ṣe.
Orúkọ ló máa ń pè é."
Orúkọ wo?
Ó rẹ́rìn-ín, ó padé fèrèsé.

Mo pè é ní Píjò. Mo pè é ní Àgbà.
Mo pè é lórúkọ kan tí n kò ní kọ síbí.
Náàtì yí.
Bóyá kẹrosíìnì ni.

Ṣùgbọ́n náàtì yọ kò ní kí apá yọ;
eyín wà nísàlẹ̀, eyín wẹ́wẹ́ tó dì mọ́ra.
Mo mì ín sọ́tùn-ún, mo mì ín sósì,
bí a ti í mi eyín ọmọ ọdún mẹ́fà,
títí ó fi dún, tó bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni mo rí àpá,
ìlà títẹ̀ kan lára gíláàsì, bí òṣùpá tó fẹ́ tán.
Òjò ọdún mélòó ló kọ ọ́?
Òjò orí afárá Kátà,
èmi lẹ́yìn ọkọ̀, bàtà mi nínú ọ̀rá.
Òjò òru tí wọ́n gbé Mopélọ́lá wálé,
tí kò tíì lórúkọ, tó ń ké ju wáípà lọ.
Àti òjò ọjọ́ tí bàbá mi gba lẹ́tà ìfẹ̀yìntì,
tó gúnlẹ̀ sí àgbàlá yìí,
òjò dá, kò pa wáípà.
Gíláàsì gbígbẹ ló ń nù títí ilẹ̀ fi ṣú.
A ń wò ó láti òkè.
Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ pè é.

Mo de apá tuntun, mo tanná sí i.
Wọ́n ní apá lará, ìgúnpá niyèkan;
àwọn wọ̀nyí gbá ara wọn létí bí ọmọ orogún.
Kàsúmù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Mo tún tú wọn. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wáípà yí lófìfo,
kó sinmi síbi tó máa ń sinmi sí,
kí n tó fi apá lé e, kí n tó fún náàtì.

Òjò dé. Kẹrosíìnì ya òṣùmàrè sójú gíláàsì,
apá tuntun gbá a lọ, gbá a bọ̀.
Màmá mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó síwájú, ó fẹjú.
"Ó fi ìka kan ga ju ti tẹ́lẹ̀."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.
Ó na ọwọ́ sí gíláàsì láti inú,
ó ń tọ àpá ti àtijọ́ lọ.