Ife Omi Yàrá Kẹsàn-án

Mi ò ránṣẹ́ ṣáájú. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù
tí mo fi kan ilẹ̀kùn ilé àwọn arúgbó náà létíkun Skọ́tílándì,
afẹ́fẹ́ fẹ́ gba fìlà lórí mi,
ẹyẹ òkun ń pariwo lórí òrùlé bí ẹni tí a jẹ lówó.
Iṣẹ́ mi ni kí n wò, kí n gbóòórùn,
kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì máa lọ.

Ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ tán.
Òdòdó wà lórí tábìlì, iye owó rẹ̀ ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn.
Màdáàmù Lorimer, ọ̀gá ilé, fi tíì lọ̀ mí,
ó fi bisikíìtì lọ̀ mí, ó fi ẹ̀rín lọ̀ mí.
Fáìlì ni mo gbà.

Ilé tó mọ́ dára, mi ò jiyàn.
Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí,
etí ni mo fi ń yẹ ilé wò.
Agogo kan dún ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Mo wo aago ọwọ́ mi: ìṣẹ́jú kan. Mẹ́rin. Mẹ́sàn-án.
Ó ń dún bí ọmọ tó ti mọ̀ pé ìyá òun ò sí nílé,
tó kàn ń sunkún kí ẹnu má bàa dilẹ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí bàtà ẹnikẹ́ni tó ró.

Èmi ti débẹ̀ ṣáájú bàtà.
Effie Buchan, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
tó fi ìgbà èwe rẹ̀ la ikùn ẹja ní èbúté,
àpá ọ̀bẹ ṣì wà ní ìka rẹ̀ bí òrùka.
Ètè rẹ̀ ti sán.
Omi wà o. Ó kún ife, ó mọ́, wọ́n tilẹ̀ dé e lórí,
ó jókòó sójú fèrèsé
níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé láéláé.

Mo ṣí ìwé rẹ̀.
Aago mẹ́wàá: ó mu omi. Aago méjìlá: ó mu omi.
Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ó mu omi, ó rẹ́rìn-ín.
Mo tún wo aago ọwọ́ mi.
Mọ́kànlá òwúrọ̀ kò tíì lù.
Ta ló ti ìrọ̀lẹ́ dé, tó bá wa rí ẹ̀rín yẹn?

“Èmi ni,” ni ọmọbìnrin tó sáré wọlé wí.
Ailsa. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ.
“Àwa méjì, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mà.
Bí mo bá dúró kọ ọ́ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, kò ní ṣẹlẹ̀.”
Ó kúnlẹ̀, kì í ṣe fún mi,
ó bọ́ bàtà tí wọ́n wọ̀ lódì fún Effie,
ó ń tún un wọ̀, ó ń pe orúkọ ajá kan tó ti kú tipẹ́,
arúgbó náà sì rẹ́rìn-ín.
Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì.
Mo wá ibi tí mo lè kọ èyí sí. Fọ́ọ̀mù mi kò ní àyè rẹ̀.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu:
ọmọ Effie kan wà ní Ọsirélíà, èkejì wà nísàlẹ̀ òkun.
Ọmú Ailsa ló kù,
àwọn tó ni ilé yìí sì ti ń fún un ṣáájú,
láti ìlú tí òórùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í dé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ọ́: *Kò kúnjú òṣùwọ̀n.*
Òótọ́ ni. Mo sì mọ ọrùn tí ọ̀bẹ máa kọ́kọ́ kàn.
Mo fi “méjì” àti “mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n” sí orí ìlà kìn-ín-ní,
mo fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin ní kí olùbẹ̀wò má fọwọ́ kan nǹkan.
Kí n tó jáde mo gbé ife náà tọ Effie lọ.
Ó mu ún tán, ó gbé ojú sókè wò mí pẹ́.
“Òṣìṣẹ́ tuntun ni ọ́?” ó ní.
“Wọn ò ní jẹ́ kó o pẹ́ níbí.
O lọ́ra jù.”