Ìwé Ìwọ̀n Omi

Nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà ní olú-ìlú,
ìlà búlúù kan ṣoṣo ni, ó tín-ín-rín bí irun orí,
wọ́n kọ Sangidara sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Àwa ò pè é bẹ́ẹ̀.
Omi là ń pè é. Kò sí òmíràn
tá a fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Lókè pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́
tí ìṣáná ń kú mọ́ni lọ́wọ́ kó tó ràn,
yìnyín dùbúlẹ̀ sáàárín òkè méjì
bí àgbà màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lomi ti ń yọ,
ó rú bíi wàrà tí wọ́n da eérú sí,
ó tutù débi pé eyín á gbọ́ ọ kí ahọ́n tó tọ́ ọ wò.

Ó já sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkúta, ó pín sí ogún,
ogún ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wá ọ̀nà;
ẹ̀ka tó o là kọjá lánàá, òkúta gbígbẹ ni lónìí.
Lẹ́yìn náà, àfonífojì fún un lọ́rùn,
ogún padà di ọ̀kan, ọ̀kan náà wá ń bú.
Oòrùn kì í dé ibẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì.

Ibi tí àpáta ti lanu díẹ̀, abúlé wa nìyẹn:
ilé mọ́kànlá, igi ápíríkọ́ọ̀tì,
oko ọkà báálì tí kò fẹ̀ ju aṣọ ìbora lọ,
lórí ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi ẹ̀yìn pọ̀n gòkè,
agbọ̀n kan lẹ́yìn òmíràn.
Afárá? Okùn irin kan ni, pẹ̀lú àpótí pákó.
Imatiṣo ló ń fà á. Ẹyin lowó ọkọ̀.

Àárọ̀ ni kó o sọdá.
Òtútù òru ló ń di omi lọ́wọ́ mú lókè;
tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ohun tí oòrùn tú sílẹ̀ á dé,
àpáta á máa yí gìdìgìdì nísàlẹ̀ omi.
Ẹ̀gbọ́n Imatiṣo ò dúró de àárọ̀.
Àgùntàn mẹ́ta ló ń lé bọ̀.
Àgùntàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Odinamo fi ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi,
mẹ́jọ àárọ̀, mẹ́jọ alẹ́,
bírò lábíyá kí yíǹkì má baà dì,
láti ka nọ́ńbà lára òpó irin tí ìjọba rì mọ́lẹ̀.
Ìjọba yẹn kú.
Èyí tó jẹ tẹ̀ lé e gbàgbé owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.
Ó ń kà á lọ.
Mo bi í pé ta ló ń kọ ọ́ fún.
"Ojoojúmọ́ lomi ń sọ̀rọ̀," ló wí,
"ó yẹ kẹ́nì kan máa dá a lóhùn."

Ìrìn ọjọ́ méjì sísàlẹ̀, ó ṣubú sínú odò ńlá
tó pààlà orílẹ̀-èdè méjì.
Odò ńlá náà ò délé òkun rí.
Òwú mu ún, iyanrìn mu èyí tó kù.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni í gbẹ.
Mo ti ṣí ìwé Odinamo, ojú ewé lórí ojú ewé.
Omi yìí ò gbàgbé.
Orísun ló ń gbàgbé odò.
Ọ̀dà pupa tí Imatiṣo kùn sára àpáta lọ́dún tó gbéyàwó
láti sàmì sí ibi tí ètè yìnyín dé,
òdòdó ti hù yí i ká báyìí;
èèyàn á rin wákàtí kan sí i kó tó rí yìnyín.
Òǹkà inú ìwé náà kọ́kọ́ ń ga sí i,
bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán.
Ọdún kẹta rèé tó ti ń wálẹ̀.

Àárọ̀ yìí: mẹ́tàdínláàádọ́rin.
Omi rú. Afẹ́fẹ́ láti òkè.
Odinamo fẹ́ èémí gbígbóná sórí yíǹkì kó lè gbẹ,
ó pa ìwé dé, ó kì í bọ abẹ́ ẹ̀wù,
ó gòkè lọ fún wàrà ewúrẹ́.