Aṣọ Funfun Mọ́kànlá

Ọdún tí sinimá yẹn dé Àjàṣẹ́,
ara ògiri ilé Àgùdà kan ni wọ́n ti fi hàn wá:
àwọn ọmọ olówó ìlú òyìnbó, aṣọ funfun, ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá,
wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí lékeléke tó ń bà sétí ọ̀sà,
kí gbogbo àwùjọ lè rí i pé wọ́n ti tó ọkọ.

Ìyá Otilíà kò fojú ba oorun.
Kílẹ̀ tó mọ́ ó ti kan ilẹ̀kùn mi:
“Ránṣọránṣọ, o rí apá aṣọ yẹn? Irú rẹ̀ gan-an.
Ọmọ tèmi ò ní gbẹ́yìn.”
Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ìyá mẹ́wàá mìíràn ti dé,
olúkúlùkù ní kí n má sọ fún ẹnì kejì.

Apá aṣọ wo ni mo rí? Omijé omidan ni mo jókòó wò.
Mo bá tọ Kosimé lọ, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ,
mo ní, jọ̀ọ́, tún un fi hàn, èmi nìkan.
Ó tún un fi hàn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún un fi hàn.
Lọ́jọ́ kẹrin mo ní, dá a dúró níbi àtẹ̀gùn,
jẹ́ kí n ka ìṣẹ́po etí aṣọ.
Ó dá a dúró.
Mo ka ọ̀kan, mo kà á dé méje,
iná ẹ̀rọ bá jẹ fíìmù,
omidan yọ́ láti orúnkún lọ sókè bí òrí tí oòrùn pa.
Kosimé káwọ́ lérí. Èmi bú sẹ́rìn-ín.
Ó wò mí títí, òun náà bá bú sí i.

Alẹ́ ijó, ooru mú, ìbọ̀wọ́ lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ bí awọ ẹja.
Àtẹ̀gùn ilé náà, igi ni,
ìkán ti ń jẹ ẹ́ láti ayé bàbá àgbà wọn.
Otilíà tẹ ìkẹta, ìkẹta gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì.
Ọmọ ọ̀gá aṣọ́bodè tí wọ́n torí rẹ̀ rán aṣọ
sún sẹ́yìn, kí eruku má ba kóòtù òun jẹ́.
Ọmọkùnrin tó ń pín omi ọsàn ló fà á yọ.
N ò ní sọ èyí tó kù. Ẹ bi ọmọ wọn mẹ́rin.

Mẹ́ta nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn jẹ mí ní gbèsè dòní.
Ṣùgbọ́n nínú agolo bọ́tìnnì mi
ègé fíìmù kan wà, kò ju èékánná lọ.
Bí mo bá gbé e síbi fèrèsé,
àtẹ̀gùn ń bẹ níbẹ̀, bàtà funfun méjì,
lókè wọn, ihò.
Kosimé á gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn rẹ̀:
“Mélòó tilẹ̀ ni ìṣẹ́po ọ̀hún?”
N ò tíì kà á tán.