Wọ́n Ti Dísíṣájì Bàbá

Bátìrì ni mò ń ṣájì ní Pápá, nílùú Ẹ̀pẹ́,
ti ọkọ̀ ojú omi, ti kẹ̀kẹ́ Màrúwá,
ti Alhaja Sẹ̀bútù tí iná ìjọba kì í dé ilé rẹ̀.
Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kó gẹ̀ẹ́sì tèmi jọ:
pọ́sítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù, ásíìdì, tẹ́mínà.
Bí bátìrì bá kú, tí iná inú rẹ̀ gbẹ,
a ó gbé e ti ògiri,
a ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i lára pé ó ti dísíṣájì.

Nítorí náà, ní ọ̀sán Àlàmísì kan,
tí nọ́ọ̀sì pè mí láti ọsibítù,
tó fi ohùn tó já gaara sọ pé
àwọn ti dísíṣájì bàbá mi,
sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi.
N kò bi í ní aago tó ṣẹlẹ̀.
Mo ní, "Ẹ ṣé, Sísítà,"
mo bú sẹ́kún.

Mo pe Kásìmáwò àbúrò mi,
òun náà pe àwọn ará Òkè-Balógun.
Kí wọ́n tó kírun Àsárì tán
ẹnìkan ti yá ṣọ́bìrì,
ẹnìkan ti ra aṣọ funfun yáàdì mẹ́wàá.

Mo dé ọsibítù, ojú mi pọ́n kuku.
Bàbá jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi,
báàgì rẹ̀ lórí orúnkún,
ó ń fa ọsàn mu.
Ó ní, "Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ní kí n máa lọ sílé.
Àbí ọkọ̀ ló bàjẹ́ ni?"

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé olójú ewé ọgọ́ta.
Ọmọ mi Múnírátù di tíṣà,
èmi di ọmọ iléèwé onírùngbọ̀n.
Ó ní, "Bàbá mi, ọ̀rọ̀ wọn kì í gbé ilé kan ṣoṣo.
Bátìrì dísíṣájì, ó kú.
Aláìsàn dísíṣájì, ó gba ilé lọ.
Ṣójà dísíṣájì, ó bọ́ kákí."
Mo ní, wọn ò ṣe kúkú wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta?
Ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Àwa náà ńkọ́,
tí a ń pa ẹja, tí a ń pa àlọ́,
tí ẹja kú, tí àlọ́ yè?"
Mo dákẹ́. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Pípè ló wá le jù.
Ọ̀bẹ wọn, K ló ṣíwájú rẹ̀ nínú ìwé,
ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọhùn,
bí ìyàwó tuntun níwájú àna.
Ohùn kan wà tí eyín òkè gbọ́dọ̀ jókòó lé ètè ìsàlẹ̀,
kó máa gbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa okùn rẹ̀;
fólítéèjì tí mo ti ń pè láti ogún ọdún,
àṣé aláìléyín ni.
Ọkọ̀ òkun àti àgùntàn, ọ̀kan náà ni lẹ́nu mi.
Ó ní kí n já ti ọkọ̀ kúrú, kí n fa ti àgùntàn gùn.
Mo fà á, mo fà á,
títí àgbò Alhaja Sẹ̀bútù fi dá mi lóhùn lẹ́yìn ilé.

Bàbá ń gbọ́ wa láti orí ẹní.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí mo bá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀,
á ní, "Máa bọ̀, iná ṣì wà nínú bátìrì."

Aṣọ funfun yẹn, ó ní ká má dá a padà fún ẹni tó tà á.
Ó fi rán jàlàbíyà Iléyá,
ó wọ̀ ọ́ lọ sí yídì,
ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, nítorí yáàdì mẹ́wàá pọ̀ fún alààyè.

Mo bi Múnírátù pé
kí ni gẹ̀ẹ́sì ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀,
èyí tí a rà fún òkú tí òkú fi ṣọdún.
Ó ṣí díkíṣọ́nárì. Ó wá a, ó wá a.
Ojú ewé kejìdínlógójì:
àyè rẹ̀ ṣì ṣófo.