Ẹni Kọkànlélógójì

Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri káńsù ní Ìdó,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́.
Sítáàṣì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.
Ewúrẹ́ ti lá igun kan jẹ;
ẹni kìíní dé ẹni kẹrin ti wà níkùn ewúrẹ́.
Mo ní kò burú, ká máa ka ìyókù.

Owó ìrànwọ́ ìjọba ni,
fún àwọn tó ń dáko láìfi kẹ́míkà kan ilẹ̀.
Ọdún méje la fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ síta:
ta ló gbà á, èló ló gbà, oko rẹ̀ dà?
Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a tò lọ sí Agódi,
tí òjò pa wá láti Mọ́kọ́lá dé ẹnu géètì,
tí ọ̀gá kan fi fóònù létí, tó ní a ó gbọ́.

Mọdínátù ọmọ ọmọ mi ló ń kà á fún mi.
“Adéṣọ̀kàn, éékà mẹ́wàá, Àkùfọ̀.”
Éékà mẹ́wàá! Ilé epo ló wà níbẹ̀.
“Ilé-iṣẹ́ Ewé-Tútù, éékà ogójì.”
Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Máa kà á lọ.
Ló bá dákẹ́. Ìka rẹ̀ dúró lórí ìwé
bí ìgbín tó kan iyọ̀.
“Ìyá, Bàbá wà níbí.”

Bùsàrí Láníhun. Éékà méjì ààbọ̀, Ọmí-Àdìó.
Ó gba ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún náírà,
ó fọwọ́ sí i, oṣù Òkúdù tó kọjá.

Ọkọ mi ni. Ọyẹ́ ìdúnta ló mú un lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?
Bùsàrí ò kúkú lo oògùn kankan mọ́.
Ó sùn sábẹ́ òroǹbó lẹ́yìnkùlé,
ó di ajílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
igi náà so débi pé a fi ọ̀pá ti ẹ̀ka rẹ̀.
Bó bá jẹ́ àgbẹ̀ tí ò mọ kẹ́míkà ni wọ́n ń wá n'Ìbàdàn,
òun gan-an ni.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ló fi fọwọ́ sí i?
Ọwọ́ tí èmi fúnra mi wẹ̀, tí mo fi aṣọ funfun dì,
tí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ pín sí méjì
látọjọ́ tí àdá ti ṣe é léṣe lóko ẹ̀gẹ́?
Bùsàrí ò mọ̀wé. Ìka ló máa ń tẹ̀.
Ẹni tó fọwọ́ sí i níbí
kọ lẹ́tà rẹ̀ dọ́gba bí ọmọ ilé-ìwé.

Akọ̀wé yọjú lójú fèrèsé: “Ìyá, ẹ padà wá lọ́la,
àṣìṣe ẹ̀rọ ni.”
Mo mọ ọ̀la wọn. Ògiri á ti mọ́ fónífóní.

Mo ní kí Mọdínátù mú ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde.
A dà á kọ, láti ẹni karùn-ún dé ẹni ọgọ́rin,
orúkọ, éékà, iye,
títí oòrùn fi yí wá lórí, tí ewúrẹ́ tún padà wá,
tí mo ń fi gèlè lé e bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Lálẹ́, àwọn tá a jọ lọ sí Agódi kóra jọ.
Ọmọ ń kà; ẹni tó bá mọ oko á dáhùn.
Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti dáhùn, a fa ìlà sí i.
Nígbà tó kan Bùsàrí, gbogbo wọn wò mí.
“Fa ìlà sí i,” ni mo wí.
Ó fà á. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo tún sin ín.

Mo dìde, mo lọ já òroǹbó wá.
Ó dùn. Wọ́n mu ún tán.
Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ti wá.