Kọ́kọ́rọ́ Àgbà

Ilé alájà méje, létí odò Assiniboine, ní Winnipeg:
ilẹ̀kùn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kọ́kọ́rọ́ kan.
Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí mo gbaṣẹ́, Orest Hnatiuk
tú inú àgádágodo kan sórí aṣọ ìnuwọ́.
Àgbàlagbà ni, òtútù ti jẹ orí ìka rẹ̀ kan.
Ó ní, "Má mí sí i o, wọn á fò lọ."

Àwọn baba wa ní àgádágodo kì í finú han ara wọn.
Èyí finú hàn mí:
abẹ́rẹ́ idẹ márùn-ún lórí ìdúró,
èyí kúrú, èyí gùn,
sípíríìn ń tẹ̀ wọ́n lórí mọ́lẹ̀.
Abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan gé sí méjì.
Eyín kọ́kọ́rọ́ ni yóò gbé wọn sókè
títí ojú ìgé gbogbo wọn yóò fi tò sí ìlà kan ṣoṣo.
Ìgbà náà ni sílíńdà á yí.
Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun orí ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ,
ó tán.
Irin kì í gbẹ̀bẹ̀.

Mo ní, "Báwo wá ni kọ́kọ́rọ́ méjì ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn kan?"
Ó fi ẹ̀mú mú nǹkan tín-ín-rín bí ìpẹ́ ẹja,
ó tẹ́ ẹ sáàárín abẹ́rẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀.
Ojú ìgé kan di méjì:
ọ̀kan fún ẹni tó ń sanwó ilé,
ọ̀kan fún èmi.
Ti Ìyá Delorme ní 407 kò lè ṣí 408,
ti 408 kò lè ṣí ti Ìyá Delorme.
Tèmi ń ṣí méjèèjì,
n kò sì ni ìkankan.

"Ṣùgbọ́n ìpẹ́ tó o bá fi kún un," Orest ní,
"ọ̀nà lo là fún olè.
Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rọ rí lè ṣèèṣì bá a mu.
Má kọ orúkọ ilé sí i lára, nọ́ńbà ni kó o kọ.
Tó o bá mú un, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó o bá dá a padà, kọ ọ́ sílẹ̀.
Tó bá sọnù,
mẹ́rìnlélọ́gọ́rin la ó jókòó tú."
Ó mu tíì rẹ̀. Ó ti tutù.

Mo so ó mọ́ ìgbànú.
Mo ń fọwọ́ bà á lójú oorun,
Fadérera ní mo ti fẹ́ ìyàwó kejì, onídẹ.
N kò sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ kan ju tèmi lọ,
ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ọ́fíìsì àwọn onílé,
ilé mẹ́rin ló ń ṣí,
àti pé ìpẹ́ wà nínú ilẹ̀kùn tiwa náà.

Oṣù kìíní, òtútù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo.
Ọjọ́ mẹ́ta, a ò rí Ìyá Delorme.
Lẹ́tà rẹ̀ kún inú àpótí, ó yọ etí síta.
Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo dárúkọ ara mi.
Mo kàn án lẹ́ẹ̀kejì.
Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi,
ẹ̀tọ́ ni mo ń dúró dè.
Mo kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, mo tì í bọ̀ ọ́,
mo gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀kùn ṣí ní ìbú ìka méjì,
ó dúró gbọn-in.
Ṣéènì.

"Ta nìyẹn?"
Ohùn rẹ̀ le koko. Ó ti yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kúrò létí
láti ọjọ́ Àìkú, ó ní ariwo òkè ti sú òun.
"Èmi ni, mà. Akínkúnmi, alábòójútó ilé."
"O ní kọ́kọ́rọ́," ó wí láti inú àlàfo náà,
"èmi náà ní ṣéènì."
Ó ní kí n lọ bá òun kó lẹ́tà òun wá.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: 407. Aago mẹ́rin kọjá.
Mo ṣí i. N kò wọlé.

Lọ́jọ́ kejì mo ra ṣéènì kan, dọ́là mẹ́sàn-án.
Fadérera di ìdè-bótìnnì mú fún mi, ó bi mí léèrè
ta ni à ń tì síta.